Róòlù Karùn-ún

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kọkànlá

Irọ́ ni mo pa. Lóṣù tó ń bọ̀, á pé ọdún mẹ́tàlélógójì tí mo yọ orí síta lójú fèrèsé yàrá ẹ̀rọ ní gbọ̀ngàn sinimá, tí mo sọ fún igba èèyàn pé iná ti jó róòlù tó kẹ́yìn nínú fíìmù àbúrò mi. Mo ní àsopọ̀ kan, ibi tí ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ fíìmù mọ́ fíìmù, ni kò dáa, pé òun ló já, tí fíìmù fi há síwájú iná ẹ̀rọ.

Kò já. Kò jóná. Ó wà lórí pẹpẹ mi báyìí, nínú agolo tí mo kọ "Ìpolówó Ọṣẹ" sí lára. Fíìmù ìpolówó ọṣẹ gan-an ni mo dáná sun lọ́jọ́ náà, kí yàrá lè rùn bí ibi tí fíìmù ti jó.

Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ẹni tó bá bá agolo yìí lẹ́yìn mi á rò pé ọṣẹ ni lóòótọ́, á jù ú nù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ìwé yìí.

Ọjọ́rú, 19

Ọmọ àbúrò mi, èyí tó ń tọ́jú ilé ìkàwé, yà sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọn yóò máa fi fíìmù Kérésìmesì hàn níbẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní gbogbo Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, títí di ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì. Òun á mú ti ìsinsìnyí, kí èmi mú ti àtijọ́, nítorí pé èmi ni mo mọ àwọn tó ti wà kí wọ́n tó bí òun. Mo ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà kí wọ́n tó bí èmi náà. Ó rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ó ní òun rí agolo mẹ́rin lókè àjà ilé bàbá òun. Mo mọ̀ wọ́n kó tó ṣàpèjúwe wọn tán. Ó fẹ́ fi wọ́n parí gbogbo ètò náà. Mo ní fíìmù náà kò ní òpin.

"Bàbá Àgbà, ká rí ìdajì sàn ju ká má rí nǹkan kan. Mi ò rí ìyá àgbà rí, àfi nínú fọ́tò kékeré kan báyìí tí wọ́n ti ń wò bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sílé ẹjọ́."

N kò rí oorun sùn dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Mo fi odidi òwúrọ̀ ṣa fíìmù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi yí sinimá, kò sì sí Kérésìmesì kan tí a kò fi wọ́n hàn: sójà tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé, ọmọdébìnrin tó ń kọ lẹ́tà sí bàbá tó ti kú, bàbá olówó tó sọnù sínú ìlú ara rẹ̀. Dúdú àti funfun ni gbogbo wọn. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń fọ́n sílẹ̀ bíi yìnyín nínú òmíràn, èèyàn á sì rí i tó lẹ̀ mọ́ imú òṣèré.

Ohun tí mo wá rí lónìí, tí ojú mi kò tó láti rí nígbà tí mo ń yí wọn, ni pé gbogbo fíìmù Kérésìmesì, ilẹ̀kùn ni. Ẹnì kan wà níta, ẹnì kan wà nínú ilé, a ó sì jókòó fún wákàtí kan àbọ̀ ká tó gbọ́ kó, kó, kó.

Ti àbúrò mi náà rí bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ojú irin kan ń bọ̀ wálé wá bá ìyá rẹ̀. Ìyá tiwa ló fi ṣe ìyá náà. Ọgbọ́n tó dá sí i ni pé, láti róòlù kìíní dé ìkẹrin, ẹ̀yìn ìyá nìkan là ń rí lójú fèrèsé, àti ọwọ́ wọn tó ń ran aṣọ. Ó fi ojú wọn pamọ́ di ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí.

Ẹni tó bá jí róòlù karùn-ún, ojú ni ó jí.

Ọjọ́ Ajé, 24

Òjò. Mo gbé agolo náà kúrò lórí pẹpẹ. Mo tún dá a padà.

Ọjọ́bọ̀, 27

Àbúrò mi wá. Ọpá ló fi ń wá ọ̀nà báyìí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ. Dókítà ojú ti sọ fún un pé láti ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń pa dé. Ó ní bí ẹni tó ń wo yàrá láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ni, ihò náà sì ń kéré sí i. Dókítà kò ṣèlérí kọjá oṣù kẹrin.

Mo po tíì fún un. Ó ń tọwọ́ bọ orí pẹpẹ láti wá ibi tí yóò gbé ife sí, agolo yẹn gan-an ló sì gbé e lé. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí ba, ó mú ojú rẹ̀ sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kàn án, ó ka ohun tí mo kọ sí i.

"Ìpolówó ọṣẹ. Bọ̀ọ̀dá, ẹ kì í ju nǹkan nù."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Èmi ti ju gbogbo tèmi."

Òótọ́ ló sọ. Lẹ́yìn Kérésìmesì ọdún náà, ó fi kámẹ́rà rẹ̀ ta ọ̀rẹ́ kan lọ́rẹ, ó lọ ń jókòó sẹ́yìn fèrèsé ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà ẹlẹ́tà fún ọgbọ̀n ọdún. Kò bá mi jà rí. Ó gbà pé àṣìṣe òun ni. Ìgbà kan wà tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi pé òun kó ìtìjú bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo sì dárí jì í. Mo tún wí: mo dárí jì í.

Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n fi fíìmù náà hàn tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn èèyàn tó fẹsẹ̀ kilẹ̀ tí wọ́n sì pariwo nígbà náà. Ṣùgbọ́n òun fẹ́ tún rí ìyá kí ihò tó dí.

"Ẹ̀yìn wọn náà tó mi," ó ní.

Mo yí ojú sí ògiri, àfi bí ẹni pé ó lè rí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́. Èèyàn méjìdínlógójì, mo kà wọ́n, àṣà kò kúkú fi mí sílẹ̀. Wọ́n ti kó tábìlì ìwé kúrò láàárín yàrá, wọ́n sì ta aṣọ funfun bo pẹpẹ ìwé ìtàn. Ẹni tí a yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Wáyà, nítorí pé kò sí ohun tí kì í tún ṣe: rédíò, ẹ̀rọ ìránṣọ, sinimá. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, tó gbóná díẹ̀díẹ̀ tó sì ń kùn, ó ṣe mí bíi kí n sunkún.

Fíìmù sójà ni. Àwọn ọmọdé kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín ìyẹ́ adìyẹ. Nígbà tí sójà kan ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kejìlá

Mo ṣí agolo náà. Ó ń kan. Òórùn bí ọtí kíkan ló kọlu imú mi, mo sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Fíìmù tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ti ń kú nìyẹn. Ó ti súnkì, etí rẹ̀ ti ń ká bí ewé gbígbẹ.

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní gbogbo Kérésìmesì láti ìgbà náà, ní ọ̀sán, mo máa ń fa fíìmù yìí jáde sójú fèrèsé, màá na àwòrán rẹ̀ sí oòrùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá yí padà. Ojú wọn nìyí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ẹnu wọn tún ń mì. Mo ti ka àwọn àwòrán tí ẹnu wọn ti ń mì, wọ́n lé ní àádọ́jọ. Ṣùgbọ́n ohùn kò sí nínú oòrùn. Ìlà tín-ín-rín kan ló wà létí fíìmù, inú rẹ̀ ni ohùn wà, ẹ̀rọ nìkan ló sì lè kà á. N kò jẹ́ fi í sórí ẹ̀rọ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ti ní ó jóná. Ta ni yóò gbọ́ ohùn òkú ìyá láti yàrá mi tí kò ní béèrè?

Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni mo gbọ́ wọn. Oṣù méjì péré lẹ́yìn tí a sin wọ́n ni. Mo dá wà ní yàrá ẹ̀rọ ní ọ̀sán, mo ń dán róòlù náà wò. Ilẹ̀kùn ṣí, òṣèré dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpótí rẹ̀. "Káàbọ̀, ọmọ mi" ni ó yẹ kí wọ́n wí. Wọ́n gbàgbé. Wọ́n wo ọ̀tún òṣèré kọjá, wọ́n wo ẹni tó di kámẹ́rà mú, wọ́n ní: "Kékeré, ṣé o ti jẹun?" Wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo pa ẹ̀rọ níbẹ̀.

Kékeré ni a ń pe àbúrò mi nílé. Èmi ni mo ń ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀ nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, tí màá bá abọ́ tí wọ́n bò sílẹ̀ lórí tábìlì, tí màá jẹ ẹ́ ní tútù, lórí ìdúró, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ọdún méjìlá. N kò rántí ọjọ́ tí wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Wọ́n ti lọ, ohun tó kù lára wọn láyé sì wà lọ́wọ́ mi, Kékeré ló ń kí.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, ẹni tó kàwé, tó ń ka ìwé ńláńlá láàárín róòlù sí róòlù. Ìwé kò wí nǹkan kan fún mi lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Ti ìsinsìnyí ni wọ́n fi hàn. Obìnrin kan tí fóònù kì í kúrò létí rẹ̀ padà sí ìlú kékeré tí wọ́n bí i sí, ó bá oníbúrẹ́dì kan jà, ó fẹ́ ẹ. Ajá wọ súwẹ́tà pupa. N kò fẹ́ràn rẹ̀ títí ó fi ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Nígbà náà mo ní láti nu ìgò ojú mi.

Àbúrò mi jókòó síwájú. Ọmọ rẹ̀ ń sọ ohun tó wà ní apá òsì àwòrán fún un sétí. Obìnrin tó wà lẹ́yìn wọn ní kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n má máa ba fíìmù jẹ́ fún ẹni tó sanwó. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wa wọlé.

Ọjọ́rú, 10

Mo gbé agolo lọ bá Wáyà. Ó ka ohun tó wà lára rẹ̀, ó ṣí i, ó sì fa orí sẹ́yìn.

"Bàbá, ọṣẹ wo ló ń rùn báyìí? Èyí tí wọ́n fi fọ ìgò ọtí?"

Mo bi í bóyá ó lè yí. Ó fi ìka wọn ihò etí fíìmù, ó wọn eyín ẹ̀rọ, ó mi orí. Ó ní fíìmù ti súnkì, eyín ẹ̀rọ á fà á ya. Bí òun bá fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́ eyín náà, tí a sì yí i jẹ́jẹ́, ó lè kọjá lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni òun lè dúró lé lórí. Lẹ́yìn èyí, kí a gbé e fún àwọn tó ń kó fíìmù sínú kọ̀ǹpútà kí ọdún tó yí, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò lẹ̀ pọ̀ mọ́ra.

Ó bi mí ta ló ni ín. Mo ní àbúrò mi ni.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Oòrùn mú. Fíìmù àná gùn jù, àwọn ọmọdé sùn. N kò tíì sọ fún àbúrò mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Ọmọ àbúrò mi gbé agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá kí n yẹ̀ wọ́n wò. Bí a ti ń yẹ fíìmù wò ni pé a ó fi í sí àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là, a ó máa yí i lọ láìwò ó, ìka ni yóò sọ ibi tí àsopọ̀ wà. Tí àsopọ̀ bá ti ń tú, ìka á kọ́kọ́ mọ̀.

Àsopọ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo kà. Ọdún mẹ́tàlélógójì lókè àjà, nínú ooru, láàárín eku. Mo fa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò sí èyí tó tú. Kò sí èyí tó tilẹ̀ ń ronú àtitú. N kò ṣe àsopọ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ìgbà iṣẹ́ mi.

Mo jókòó pẹ̀lú fíìmù náà lórí itan títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Ọjọ́bọ̀, 18

Mo dé ẹnu ọ̀nà àbúrò mi. Mo gbọ́ ọ tó ń wúkọ́ nínú ilé. Mo padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Mo sọ fún un.

Lẹ́yìn tí fíìmù parí, mo ní kó dúró. Ọmọ rẹ̀ ń to àga lẹ́yìn. Mo jókòó sí iwájú rẹ̀ gan-an, níbi tó ti ń ríran díẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ ọ́ síhìn-ín, n kò fi iyọ̀ sí i, n kò sì yọ ọ̀kankan kúrò.

"Àsopọ̀ mi ńkọ́?"

"Kò já. Kò sí èyí tó já rí."

"Mo máa ń lá àlá rẹ̀. Nínú àlá náà mo máa ń tún un ṣe, mo máa ń tún un ṣe." Ó fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ fi ṣe é, Bọ̀ọ̀dá?"

"Ìwọ ni wọ́n bi bóyá o ti jẹun."

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí lọ́kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ẹni tó ní ẹjọ́ rere. Nígbà tó bọ́ síta, bí ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún márùn-ún ló dún.

Mo na agolo náà tí mo ti gbé wá sí i. Kò gbà á. Ó dìde, ó wá ọpá rẹ̀.

"Ẹ máa mú ọṣẹ yín lọ," ó ní.

Ọjọ́ Ajé, 22

Kò sí ẹni tó wá. Mo gbé oúnjẹ kaná, n kò lè jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23

Ọmọ rẹ̀ wá ní òwúrọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò pè mí ní Bàbá Àgbà. Ó ní bàbá òun ní kí òun béèrè bóyá ó ṣì lè yí. Mo sọ ohun tí Wáyà wí. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, bàbá òun ní kí a fi hàn lọ́la, kí ó má ṣe jẹ́ Wáyà ni yóò yí i, èmi ni kí n yí i. Àti pé bí mo ṣe sọ ọ́ fún èrò nígbà yẹn, kí n sọ ọ́ fún èrò báyìí.

Mo ní mo gbọ́.

Ó ti fẹ́ lọ kó tó wẹ̀yìn. "Ṣé ìyá àgbà jọ mí?"

Mo ní ó jogún àgbọ̀n wọn. Àti ẹ̀rín.

Ọjọ́bọ̀, 25

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo fẹ́ kọ ti àná tán kí ó tó ṣú mọ́ mi lójú.

Èèyàn lé ní ọgọ́ta. Mo dúró níwájú aṣọ funfun, mo sì sọ pé ní ọdún mẹ́tàlélógójì sẹ́yìn mo purọ́ mọ́ ọkùnrin tó jókòó níwájú yìí, pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ní àbùkù kankan, pé èmi ni mo fi òpin fíìmù rẹ̀ pamọ́. Ẹnì kan ṣe hìn-ìn. Bàbá arúgbó kan lẹ́yìn ní òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun sì fẹsẹ̀ kilẹ̀. Ó ní kí àbúrò mi má bínú. Mo lọ sídìí ẹ̀rọ.

Róòlù kìíní. Ìkejì. Ìkẹta. Ìkẹrin. Ẹ̀yìn ìyá lójú fèrèsé. Ọwọ́ wọn. Kó, kó, kó. Ibẹ̀ ni fíìmù ti dúró lọ́jọ́ irọ́ náà, tí aṣọ di funfun. Mo fi róòlù karùn-ún sí i. Wáyà kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó di abẹ́rẹ́ òróró mú bíi dókítà. Mo tan iná.

Ìyá dìde. Ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n yí padà, wọ́n tóbi bí ògiri, ojú wọn kún yàrá náà. Àbúrò mi ti dìde, ó ti rìn títí ó fi fẹ́ kan aṣọ, ó ń gbé orí sọ́tùn-ún sósì, ó ń fi ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kó wọn jọ díẹ̀díẹ̀: ìpéǹpéjú, imú, eyín. Kò sí ẹni tó ní kó jókòó.

"Kékeré, ṣé o ti jẹun?"

Ẹ̀rín náà. Ibi tí mo pa ẹ̀rọ sí nìyẹn. Ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnnì. N kò tẹ̀ ẹ́. Àádọ́jọ àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, èyí tí mo mọ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, èyí tí n kò gbọ́ rí.

"Bọ̀ọ̀dá ẹ ńkọ́? Mo ti bo oúnjẹ ẹ̀ sórí tábìlì. Sọ fún un kó gbé e kaná, jọ̀ọ́. Kì í gbọ́. Ní tútù ló máa ń jẹ ẹ́."

Ẹ̀rọ ń kùn. Ilẹ̀kùn inú fíìmù ti pa dé, n kò mọ̀.

Wáyà ló pa iná. Ó ní ó ti tán, Bàbá. Gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọn kò mọ ẹni tí ìyá náà ń béèrè. Èèyàn méjì péré ló mọ̀ nínú yàrá yẹn.

Àbúrò mi ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun ló di kámẹ́rà mú. Ó ti gbọ́ ọ kí n tó gbọ́ ọ. Mo bi í ìdí tí kò fi sọ fún mi, ó ní òun fẹ́ kí n gbọ́ ọ fúnra mi lójú sinimá, níwájú igba èèyàn, ìdí nìyẹn tí òun kò fi gé e kúrò. Nígbà tí mo ní ó ti jóná, ó rò pé bí òun bá sọ ọ́, bí ẹni tó ń ṣe àwáwí fún àsopọ̀ burúkú ni yóò rí.

Mo ká róòlù náà padà pẹ̀lú ọwọ́, mo fi í sínú agolo. Mo fi èékánná ha ìwé "Ìpolówó Ọṣẹ" kúrò, mo kọ orúkọ fíìmù rẹ̀ sí i, mo sì kọ "5" sí abẹ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti mú àpò wá, àwọn oníkọ̀ǹpútà ń retí wọn ní Ọjọ́ Ẹtì.

Mo na agolo sí àbúrò mi, ó sì na ọwọ́ méjèèjì. Ó dì í mú. Èmi náà sì dì í mú. Kí n má purọ́ mọ́: ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni mo fẹ́ ẹ jù lọ láyé. Gbogbo ọdún yẹn, ohùn tó ń wá mi ni mo tì mọ́ inú agolo, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ni, ó sì tún ń lọ.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ kó lọ."

Mo tú ọwọ́ mi, ìka kọ̀ọ̀kan, títí agolo fi wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan.